Àtẹ́lẹwọ́ Tó Lu Ilẹ̀

Kò sí irú èèyàn tí ọkùnrin yìí kò lè dà. Bó bá ṣe ọ̀mùtí nínú fíìmù, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn ọtí láti inú tẹlifíṣọ̀n. Bó bá wé gèlè tó ṣe ìyá ọkọ, àwọn ìyàwó ilé á máa ṣépè fún un lójú pópó. Ó ṣe ọba, ó ṣe olè, ó ṣe wèrè. Wọ́n sọ ọ́ ní Alágẹmọ, nítorí àwọ̀ ohun tó bá fara tì ni tirẹ̀ náà máa ń dà.

Wá bi mí, ìwọ òǹkàwé: nígbà tó bá bọ́ aṣọ eré sílẹ̀, ta ni ó máa ń jẹ́? Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Mi ò ní bù mọ́ ọn.

Alágẹmọ kò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀gá. Àga ló ń gbé fún ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń ṣeré kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń gbé e. Wọ́n jọ ń sùn sẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n jọ ń jẹ àjẹkù àwọn ọ̀gá. Ọ̀rẹ́ náà kì í pariwo, kì í yára bínú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́.

Ipa àkọ́kọ́ tí wọ́n fún Alágẹmọ, òkú ni. Kó sáà dùbúlẹ̀ sórí ìtàgé títí eré á fi parí. Àṣé ìṣó kan yọrí nínú pákó. Bó ṣe dùbúlẹ̀ báyìí, ìṣó wọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kò lè pariwo, òkú kì í pariwo. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu pákó, pà, pà. Àwọn òǹwòran rò pé ara eré ni. Jẹ́jẹ́ nìkan ló fura. Ó sáré fa aṣọ ìkélé, ó ba eré jẹ́ pátápátá, ọ̀gá wọn sì fọ́ ọ létí lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná tọ́jú ojú egbò náà ni àwọn méjèèjì ti bá ara wọn dá májẹ̀mú. Alágẹmọ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Ẹni tó bá wà nínú ewu nínú wa, kó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀. Ẹni kejì gbọ́dọ̀ ba eré jẹ́, ohun tó bá fẹ́ kó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ."

"Kódà bí wọ́n bá fọ́ mi létí lẹ́ẹ̀kejì?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Kódà bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n máa fọ́ létí."

Ayé yí. Alágẹmọ ṣe wèrè nínú fíìmù kan, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di pé bí wọn ò bá rí i, wọn ò ní ya fíìmù. Kò pẹ́, òun fúnra rẹ̀ di olùdarí. Ẹni tó ń gbé àga fún àwọn ẹlòmíràn wá ní àga tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn àga náà gàdàgbà, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa gbé e tẹ̀ lé e. Tẹ́nikẹ́ni bá jókòó sí i, ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ onítọ̀hún máa parí.

Jẹ́jẹ́ ò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn fíìmù rẹ̀, òun ni awakọ̀, òun ni dókítà, òun ni aládùúgbò tó máa ń sọ pé "Ẹ kú ilé o" tí wọn kì í sì í rí mọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Jẹ́jẹ́ ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti gbé Alágẹmọ ga sí i ni Jẹ́jẹ́ máa ń sún mọ́ ọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà.

"Ọ̀rẹ́ mi, o ti ṣe gbogbo èèyàn tán. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pè ẹ́, ta lo fẹ́ ṣe fún un?"

"Ìwọ ni màá ṣe," Alágẹmọ á dáhùn. "Màá rìn bíi tìẹ, màá sọ̀rọ̀ bíi tìẹ. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n á wá ti ìwọ gan-an mọ́ta."

Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó tó lọ wọ aṣọ awakọ̀.

Alágẹmọ tiẹ̀ ṣe pásítọ̀ rí. Ó gbàdúrà ìrònúpìwàdà nínú fíìmù yẹn, omijé ń dà, ohùn ń gbọ̀n. Obìnrin kan pàdé rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibi tí òun ti ń wo àdúrà yẹn ni òun ti kúnlẹ̀ nílé, tí òun sì fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Alágẹmọ di ọwọ́ obìnrin náà mú, ojú rẹ̀ kún fún omi. Nígbà tó wọ ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dá ọkọ̀ dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ jókòó tì í. Òun ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Háà, ọ̀rẹ́ mi! Èèyàn lè mú oúnjẹ dé ẹnu ẹlòmíràn kí ebi sì pa òun fúnra rẹ̀ kú.

Nílé ńkọ́? Ẹkún wà lọ́wọ́ Alágẹmọ bí omi ẹ̀rọ: ó ṣí i, ó dà, ó tì í, ó dá. Bó bá ti ọ̀dọ̀ obìnrin dé, á kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, á sunkún, ìyàwó á sì dárí jì í. Ó wá di ọjọ́ kan, bó ṣe ń sunkún lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní, bí olùdarí tó fẹ́ dá kámẹ́rà dúró, "Gé e! Ó dáa gan-an." Ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì lọ. Kò padà mọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni Alágẹmọ bẹ̀rẹ̀ fíìmù tó rò pé yóò gbé òun dé òkè téńté. Ìtàn bàbá kan tó ń kú lọ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà lórí ilé ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Jẹ́jẹ́ ló fún ní ipa bàbá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ibi tí bàbá ti kú, Jẹ́jẹ́ fọwọ́ di àyà. "Àyà mi ń fún mọ́ mi láti àná," ló wí.

"Má jẹ́ kó tíì tán," Alágẹmọ dá a lóhùn. "A máa lò ó."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Alágẹmọ jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń fi ohun tí kámẹ́rà ń rí hàn án. Jẹ́jẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ, ó sì ṣubú lulẹ̀. Òógùn bò ó. Ètè rẹ̀ yí àwọ̀ padà. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn, nítorí wọn ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà náà ni ọwọ́ Jẹ́jẹ́ gbéra nílẹ̀. Pà. Ó sinmi díẹ̀. Pà.

Ẹni tó ń fi kámẹ́rà yàwòrán bojú wẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ṣé kí n dá a dúró? Ìyẹn ò sí nínú ohun tá a fi dánra wò."

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń wí, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà rí i. Ó mọ̀ ọ́n. Ó tún wo tẹlifíṣọ̀n kékeré náà, ó rí bí àwòrán ọ̀hún ṣe dára tó.

"Má dá a dúró," ló wí. "Sún mọ́ ojú ẹ̀."

Nígbà tó wá sọ pé "Gé e!", gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Jẹ́jẹ́ ò dìde. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní ì bá yè ká ní wọ́n tètè gbé e wá díẹ̀ sí i.

"A rò pé eré ló ń ṣe ni," ni Alágẹmọ sọ fún dókítà. Ohun tó sọ fún àwọn ọlọ́pàá nìyẹn, òun náà ló sọ fún opó, ó sì tún un sọ níbi ìsìnkú. Gbogbo èèyàn gbà á gbọ́, wọ́n sì ń kí i kú àmúmọ́ra.

Fíìmù náà jáde. Wọ́n pe Alágẹmọ sórí pèpéle, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí olùdarí lè gbà. Kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́, wọ́n kọ́kọ́ fi ìran kan nínú fíìmù náà han àwùjọ. Ìwọ náà mọ ìran tó jẹ́. Ìró ọwọ́ Jẹ́jẹ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn, pà, pà, àwọn èèyàn sì dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìró náà kò ti fi í sílẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá gbá, òun ni. Tí òjò bá kán sórí páànù, òun ni. Ó mu ọtí sí i, ọwọ́ ò dáwọ́ dúró. Kò lè darí eré mọ́, nítorí gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ṣubú níwájú kámẹ́rà ló máa ń pariwo "Gé e!" kó tó yẹ. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń gbé àga rẹ̀ lọ ń gbé ti ẹlòmíràn.

Ó jókòó síwájú dígí tó máa ń jókòó sí kun ojú, ó fẹ́ sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Omijé jáde. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde, ó ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń wò ó bóyá ó dáa. Ẹ̀rù bà á gidi gan-an. Ó wá yé e pé òun ò ní ohunkóhun tó jẹ́ òótọ́ nínú mọ́.

Ó lọ sọ́dọ̀ opó Jẹ́jẹ́. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni obìnrin náà ń gbé, aṣọ oníbàárà ló ń lọ̀ jẹun. Alágẹmọ wọlé, ó kúnlẹ̀, ẹkún dé.

Obìnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń lọṣọ. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣeré nínú ilé mi. Tó bá jẹ́ ẹkún lẹ gbé wá, ẹ gbé e padà."

Alágẹmọ nu ojú rẹ̀. Ó dìde, ó jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ayé mọ̀. Ohùn wẹ́wẹ́ kan ni, kò tiẹ̀ dùn gbọ́.

"Ìyàwó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí aṣọ. Jẹ́jẹ́ ti sọ ìtàn ìṣó yẹn fún un lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ti jọ fi rẹ́rìn-ín. "Ẹ rí i?"

"Mo rí i. Mo mọ̀ pé ó ń kú lọ. Mo fẹ́ kí àwòrán yẹn parí."

Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí rẹ̀, ó yọ ọ́ lára iná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oníbàárà tó ti jóná lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ló ń gbàdúrà fún yín," ló wí. "Ojoojúmọ́! Bí mo bá ní kó jẹ́ kí á sùn, á ní ó ku ọ̀rẹ́ òun. Ẹ jáde, Bọ̀dá."

Alágẹmọ dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí obìnrin náà tó tún sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni mo lé yín o. Jésù kọ́. Ọkọ mi ní ẹni tó bá wá bá Jésù, Jésù kì í lé e. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ì bá lé yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ẹ lọ bá a." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Alágẹmọ dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó fẹ́ gbàdúrà. Àdúrà tó wá sí i lẹ́nu ni ti pásítọ̀ inú fíìmù, ohùn pásítọ̀ sì bá a wá. Ó pa á mọ́nu. Ó wá òmíràn, kò rí. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn kò ní ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Ló bá dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó dọ̀tí yẹn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀. Pà. Pà. "Jésù," ló wí, "mo ń kú lọ. Èmi ni mo jẹ́ kó kú. Gbà mí." Kò sí omijé kankan. Ẹnì kankan ò pàtẹ́wọ́. Níbẹ̀ ni Jésù ti gbà á.

Má rò pé gbogbo nǹkan wá dùn o. Ó lọ sọ òtítọ́ fún àwọn ọlọ́pàá àti níwájú ẹgbẹ́ òṣèré, ó sì dá àmì ẹ̀yẹ padà. Ẹgbẹ́ lé e jáde. Àwọn kan ní eré míràn ló tún ń ṣe, wọ́n ń bèèrè ìgbà tí fíìmù máa jáde. Jẹ́jẹ́ wà nínú ilẹ̀ síbẹ̀. Ìyàwó Alágẹmọ kò padà, opó kò sì tíì ṣílẹ̀kùn fún un títí di òní. Ìró ọwọ́ yẹn náà kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé báyìí, kì í sá fún un mọ́. Á kúnlẹ̀, á sì tún orúkọ Jésù pè.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó ń ka ìwé yìí? O lè máà ṣe fíìmù rí, ṣùgbọ́n o mọ eré í ṣe. Oníwà tútù ni ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, o jẹ́ ọ̀daràn nílé. Ò ń rẹ́rìn-ín níta, inú rẹ ń jóná. Ohun kan wà tí o rí, tí o mọ̀, tí o sì ń pè ní "mo rò pé." Àwọn èèyàn ń kí ọ kú iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọlọ́run kò bá wọn kí ọ.

Má wá ọ̀rọ̀ dídùn. Má dúró de ọjọ́ tí ẹkún bá dé. O kò mọ ibi tí wọn yóò ti gé eré tìrẹ. Ibi tí o wà yìí, lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn káńtà, sọ ohun tí o ṣe fún Jésù bó ṣe rí, kí o sì ní kó gbà ọ́. Lónìí ni o. Jẹ́jẹ́ lu ilẹ̀, ẹni tó rí i kò kúrò lórí àga. Lu ilẹ̀ tìrẹ. Jésù tó ń wò ọ́ ti dìde dúró.