Irun Inú Wàrà

Ṣé ẹ ti jẹ wàrà tó ní irun nínú rí? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí kì í fẹ́ sọ ọ́.

Oníbàárà mi kan ló kọ́kọ́ kàn án. Ó bu wàrà jẹ níwájú mi, ó fẹ́ jẹ ẹ́ já, kò já. Ó fi ọwọ́ fà á. Irun pupa kan ń yọ bọ̀ láàárín eyín rẹ̀, ó ń fà, irun ń gùn, títí ó fi gùn ju apá rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ náà ló ti bì. Mo bu omi fún un, mo da gbogbo wàrà tó kù sínú kòtò, mo sì fi eérú bò ó. Irun tèmi funfun, kò gùn ju ìka lọ, abẹ́ ìbòrí ló sì máa ń wà. Mo ti darúgbó lóòótọ́, àmọ́ n kì í ṣe ọ̀bùn.

Kí àwọn ilé ńláńlá tó dé Orozo ni mo ti ń ṣe wàrà níbí. Ọwọ́ Ummulkhulthum ni mo ti ń gba mílíìkì, ìyàwó Jáúrò, Fúlàní tí màlúù rẹ̀ ń jẹ̀ ní pápá ẹ̀yìn àdúgbò wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé igbá rẹ̀ dé. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ mílíìkì náà, mo tún un sẹ́, ó mọ́ tónítóní. Mo gbé e kaná, mo fún omi ewé bọmubọmu sí i kó lè dì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dì ni òórùn yọ. Kì í ṣe òórùn mílíìkì tó bàjẹ́. Ẹ ti wọ yàrá tí eku kú sí lẹ́yìn àpótí rí, tí wọ́n wá fi tùràrí bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ohun tó gba imú mi nìyẹn.

Mo ti ṣíbí bọ ìkòkò. Irun wé mọ́ ọn. Mo fẹ́ fi ìka já a kúrò, nǹkan líle kan gún mi. Èékánná ni. Èékánná ènìyàn, làálì ṣì wà lára rẹ̀, wàrà sì ti dì mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹran ara.

Èébì tí mo bì ló pa iná ààrò.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ti kárí, àwọn tó ti jẹ wàrà ń di ikùn mú kiri. Ìgbà náà ni Alága dé ẹnu ọ̀nà mi, alága àwọn onílé àdúgbò wa, ẹni tó ń bá àwọn ènìyàn ta ilẹ̀. Èrò wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Àwọn Fúlàní yẹn ti fi oògùn sí mílíìkì. Kí wọ́n kó màlúù wọn kúrò lórí pápá yẹn lọ́la. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa dáná sun àgọ́ wọn."

"Alága, ẹ rọra o. Èmi tí mo sè é ńkọ́? Ṣé ẹ máa sun èmi náà?"

"Ẹ̀yin? Òórùn màlúù ara yín ti pọ̀ jù, Ìyá, iná gan-an á sá fún yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán.

"Ìyàwó yín ńkọ́? Ọmọ mi, Rísíkàt?"

"Ó ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara ìyá rẹ̀ kò tíì yá."

"Láti ìgbà ìkórè? Fóònù rẹ̀ kò sì lọ."

"Nẹ́tíwọ̀kì ọ̀dọ̀ wọn kò dára." Ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Ọmọ ìlú mi ni Rísíkàt, n kò bí i, àmọ́ ọmọ ni mo fi ṣe. Kò fẹ́ràn ṣálúùnù. Àárín orókún mi ló máa ń jókòó sí, màá fi òwú dúdú kó kòrobá fún un. Nígbà tí ewú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ń fi làálì pa á rẹ́, orí rẹ̀ pupa fòò. Bá a ṣe mọra tó, n kò gbọ́ kó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Bàbá Dámi ni. Inú ń bí i o, inú rẹ̀ ń dùn o, Bàbá Dámi ni. Mo fi ṣeré lọ́jọ́ kan pé kó pè é kí n gbọ́. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. "Hàà, Ìyá! Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ orúkọ bàbá yẹn lẹ́nu mi, kẹ́ ẹ yáa mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe."

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa ní ọjọ́ kejì tí Alága wá, mo wé gèlè, ó di ọ̀dọ̀ Jáúrò. Ṣakí ló ti dàgbà, ó gbọ́ Yorùbá. Pápá rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló pín in sí. Ẹran á jẹ apá kan, kò ní jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò, wọ́n á sún wọn lọ sí apá kejì. Apá kẹta á sinmi ní odindi ọdún, kí koríko lè so, kí irúgbìn rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á di koríko etí rẹ̀ ní kókó ní kókó, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í wọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ẹran, ẹsẹ̀ ènìyàn. A bọ̀wọ̀ fún kókó yẹn ní Orozo. Àdá àwọn ọlọ́dẹ pàápàá kì í kọjá rẹ̀.

Mo bá àwọn màlúù létí apá tó ń sinmi. Wọ́n tò sórí ìlà kan, wọ́n kọjú sí ibẹ̀, kò sí èyí tó ń jẹ koríko. Síbẹ̀, gbogbo ẹnu ń jẹ nǹkan.

"Sànnu, Mama," Jáúrò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ bojú wo ẹnu wọn."

Ó la ẹnu ìyá màlúù kan, èyí tó dàgbà jù. Irun pupa kún àárín eyín rẹ̀, ó so kọ́ sí ahọ́n, itọ́ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti wọ inú ibẹ̀ ni?"

"Walahi, ẹnu wọn kò kàn án. Òní ló yẹ kí n ṣí i. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń wá dúró síbẹ̀, ẹnu wọn á sì kún." Ó nu ojú. "Alága yín ní kí n lọ. Níbo, Mama? Gbogbo ibi tí bàbá mi ti da ẹran, ilé ló wà níbẹ̀ báyìí."

Mo ká ìró mi, mo kọjá kókó koríko. Kò jìnnà. Mo rí ibì kan tí koríko ti sanra, tó dúdú mìnìjọ̀, eṣinṣin bò ó. Koríko ibẹ̀ ti ya ara rẹ̀ sí ìlà ìlà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìdì, wọ́n sì tẹ orí jọ sí àárín bí ìdí apẹ̀rẹ̀.

Kòrobá ni. Bí mo ṣe máa ń kó o gan-an. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbóná, ó sì rọ̀ bí ikùn.

Ariwo èrò ló mú mi bojú wẹ̀yìn. Alága ti dé, igi àti gálọ́ọ̀nù epo wà lọ́wọ́ wọn. Ummulkhulthum dì mọ́ ẹnu ọ̀nà àgọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀! Oògùn wà nílẹ̀ yẹn!"

"Ta ló sọ fún yín pé nǹkan wà nílẹ̀?" Mo na ọwọ́ sí i. "Ó dáa, ẹ wá, Alága. Ẹ kọjá kókó yìí, kẹ́ ẹ fi oògùn Jáúrò han àwọn ènìyàn. Iná lẹ ó fi sun wọ́n, ẹsẹ̀ lásán lẹ kò wá lè gbé?"

Àwọn èrò wò ó. Kò mira.

Ìyá màlúù ló mira. Ó rọra la àárín wọn kọjá, ó dúró níwájú Alága, ọrùn rẹ̀ ń wú sókè wú sílẹ̀. Ó pọ nǹkan kan sórí bàtà rẹ̀. Mo kọjá kókó padà, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ mi mú un. Ó gbóná, ó ń yọ̀, ó ń rùn débi pé ojú mi ṣomi. Irun ni, òwú dúdú ṣì wé e. Mo tú ìdí òwú náà. Èmi ni mo máa ń so ó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹlòmíì.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí," mo wí. "Ẹ̀yin ará àdúgbò, orí ta ni mo kó o sí?"

Igi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màlúù yẹn tún la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ kò mira, àmọ́ ohùn Rísíkàt jáde, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ gidi, kẹ́lẹ́, bí ẹni ń jí ọkọ rẹ̀ lójú oorun. Gbogbo wa ń retí kó pè é ní Bàbá Dámi.

"Adébíyì," ó ní. "Ìwọ Adébíyì yìí lo pa mí."