Àárín Bélì

Àlùbọ́sà ń yí gbirigbiri sínú ẹrẹ̀ ọjà Máìlì 12 nígbà tí Rùkáyátù kọ́kọ́ rí Ṣùkúrù. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń rán ìdí àpò tó bẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dirun fún ọmọdé.

"Ẹ̀yin lẹ ta àpò yìí, àbí, Aunty?"

"Èmi ni. Má pariwo."

"Kí n pariwo kẹ̀? Abẹ́rẹ́ mi ń jẹun lára yín."

Rùkáyátù rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń kó àpò ìdọ̀họ wá láti òkè òkun, tí wọ́n ń tà á ní bélì bélì, ìdì ńláńlá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí àwọn tó ń tà á fún wọn lókè òkun á kọ́kọ́ fi ẹyọ kan tó yi ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹrù á wá dé, èyí tó dáa lókè, èyí tó ti bu láàrin.

Láti ọjọ́ náà ni Ṣùkúrù ti ń wá rán àpò ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kétu. Lọ́jọ́ tí àpò kankan ò ya, ó ń wá náà.

"Ẹ kó èyí tó bu sáàrin, kí ẹ fi tó dáa bò ó," ni ìyá Rùkáyátù wí lọ́jọ́ kan. "Bí wọ́n ṣe ṣe fún wa náà nìyẹn."

Ọwọ́ Ṣùkúrù dúró. "Mummy, orúkọ yín ni wọ́n máa pè tó bá bẹ́ o."

"Ìwọ arán-àpò! Má gbé ẹsẹ̀ ẹ wá síbí mọ́!"

Rùkáyátù ò gbèjà rẹ̀. Ìyẹn ló dun Ṣùkúrù jù.

Lọ́jọ́ kejìlá tí Ṣùkúrù ò wá mọ́, Rùkáyátù tú gbogbo bélì sílẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà. "Èyí dáa. Èyí ti bu, ẹ má fi di àlùbọ́sà." Wọ́n kùn, wọ́n lọ. Oníbàárà kan ṣoṣo, Alhaja Karimot, ló dúró: "Ìwọ lo jẹ́ ká rí àárín. Ọ̀dọ̀ ẹ ni màá ti máa rà."

Ìyá Rùkáyátù mí kanlẹ̀. "Lọ pe arán-àpò yẹn wá."

Ìdí àlùbọ́sà ní Máìlì 12 náà ni Rùkáyátù ti bá a.

"Mummy ní kí o máa bọ̀."

"Mummy nìkan?"

"Èmi náà. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, Ṣùkúrù. Èyí tó dáa ni gbogbo èèyàn ń fi hàn mí. Kí ló wà láàrin tìẹ?"

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Mo máa ń hanrun. Tébi bá ń pa mí, mo máa ń kanra. Mo ti fẹ́yàwó rí, ó fi mí sílẹ̀ torí mi ò ní ju abẹ́rẹ́ yìí lọ. Ó tán, Rùká mi."

Rùkáyátù jókòó tì í. Ó mú abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀, ó fi òwú bọ ojú rẹ̀, ó nà án sí i.

"Ní Jímọ̀, kó àwọn èèyàn ẹ wá kí bàbá mi. Kí ẹ sọ ti hanrun yẹn fún wọn náà."