Òjìji Inú Ẹ̀dọ̀ Tanímọ̀la

Dókítà Zuweira, oníṣègùn ẹranko, ti fá irun ikùn Tanímọ̀la ajá. Ó da nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ilá sí i, ó sì ń fi irinṣẹ́ kékeré kan rìn lórí rẹ̀. Bàbá Àtàndá di orí ajá rẹ̀ mú lórí tábìlì. Morónfólú, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ojú ẹ̀rọ síkáànù. Bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú ló rí lójú rẹ̀. Kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀dọ̀, kò mọ èyí tó jẹ́ ìfun.

"Bàbá, ẹ wo ibí yìí," ni dókítà wí. Lagos Town, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Accra ní Ghana, ni òun náà ti dàgbà bíi tiwọn, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Òjìji mẹ́ta wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ kókó lásán tí ajá tó ti dàgbà máa ń ní. N kò tíì lè sọ."

"Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́?"

"A ó jọ sọ̀rọ̀ bóyá ká gún un lábẹ́rẹ́ kó sinmi, kó má jìyà kú." "Kí ló ti ń jẹ láti oṣù kan?"

Bàbá Àtàndá wo Morónfólú. "Ọmọ yìí ló ń fún un lóúnjẹ. Ìrẹsì àti ẹja ni, àbí?"

Morónfólú mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Irọ́ ni. Bàbá ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì fi ajá lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Fàrídà ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàwọn yòókù máa ń pàdé ní àdúgbò Kokomlemle, wọ́n ń jó ijó tí wọ́n ń gbé sórí fóònù. Ó sú Morónfólú láti máa se ìrẹsì. Àpò ìyẹ̀fun àgbàdo kan wà tí òjò ti pa, ó ti bu, ohun aláwọ̀ ewé ti hù sójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó dà á nù. Ó gbọn ojú rẹ̀ dànù, ó ń fi ìyókù ro báńkú ńlá, òkèlè àgbàdo, fún ajá. "Ajá ni," ó sọ fún ara rẹ̀. "Kò lè mọ̀."

Nísinsìnyí ojú Tanímọ̀la ti pọ́n rúsúrúsú, ó ń bì. Ṣé báńkú ni? Àbí ọjọ́ ogbó? Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, a jẹ́ pé òun kọ́. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ jẹjẹrẹ. Àdúrà náà bà á lẹ́rù, síbẹ̀ kò mọ bí yóò ṣe dá a dúró.

Dókítà fi abẹ́rẹ́ fa oògùn kan tó funfun bíi wàrà. "Hóró afẹ́fẹ́ tíntìntín ló wà nínú èyí. Ẹ̀jẹ̀ á gbé wọn dé ẹ̀dọ̀, ibi tí wọ́n bá dé á mọ́lẹ̀. Ibi tí jẹjẹrẹ bá wà sábà máa ń mọ́lẹ̀, kó tún tètè ṣú, nígbà tí ìyókù ẹ̀dọ̀ ṣì ń tàn."

Ó gún un. Láìpẹ́, ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Àwọn òjìji náà tàn pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́rin. Wọn kò ṣú. Wọ́n dọ́gba pẹ̀lú ìyókù títí ẹnì kankan kò fi mọ ibi tí wọ́n wà mọ́.

"Kò jọ jẹjẹrẹ," ni dókítà wí. Bàbá mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kò rẹ́rìn-ín, èyí sì tún rú Morónfólú lójú. "Kókó lásán kì í mú ojú ajá pọ́n báyìí. Nǹkan mìíràn ló ń ba ẹ̀dọ̀ yìí jẹ́, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ó lè di dandan ká la ikùn rẹ̀, ká gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò."

"Ẹ là á," ni Bàbá wí.

"Dókítà," ni Morónfólú wí, "kì í ṣe ìrẹsì ló ń jẹ." Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì, mà."

"Àgbàdo tó bu máa ń ní májèlé. Iná kì í pa á, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bá jà." Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ètè la fi sílẹ̀ tá à ń pa làpálàpá. Ká ní o dá mi lóhùn dáadáa nígbà tí mo béèrè, à bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú."

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi fa omi oògùn sí Tanímọ̀la lára. Ó yè, ṣùgbọ́n ó rù, kò sì lè sáré mọ́. Bàbá kò bá Morónfólú wí. Ó kàn ń fúnra rẹ̀ se oúnjẹ ajá náà. Ní ọjọ́ kan, Morónfólú kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa sè é."

"Báńkú kọ́ ló dùn mí jù," ni Bàbá wí. "Ọmọdé lè ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n bi ọ́, o mọ̀, o sì pa òtítọ́ mọ́." Ó ro ìkòkò títí, kó tó na ṣíbí sí i. "Gbà. Màá máa wò ọ́."

Títí di òní, Morónfólú kò sọ àdúrà ọjọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni, kò sì yé e bí ó ṣe wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan yé e: ajá kò lẹ́nu láti sọ ohun tó jẹ, òun tó lẹ́nu ló pa á mọ́. Ẹni tí a bá fi ẹ̀mí kan lé lọ́wọ́ lè ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kó yára sọ òtítọ́, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán ohun tí a fi pamọ́ sínú.