Ìrọ̀rí Tolú

Ọ̀sán gangan ni Tolú kú. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò sunkún. Wọ́n tẹ́ ẹ sùn, ìgbà tí wọ́n máa padà débẹ̀, ó ti tutù. Kí wọ́n tó sin ọmọ oṣù mẹ́ta náà ni Màmá Ruth, ìyá-ọkọ Matilda tó bí i, ti mọ ẹni tó pa á. Ẹni tí kì í rántí ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, òun ló mọ ohun tí àjẹ́ ń ṣe lójú ọ̀run.

"Àlájà Ramlat ni," ló wí. "Kannakánná ké lórí páànù ẹ̀ lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí lẹ tún ń wá?"

Òótọ́ ni pé ẹyẹ máa ń bà síbẹ̀. Àkàrà tí ará Kano ń pè ní kósáì ni Ramlat, opó tí wọ́n jọ ń gbé agboolé, ń dín tà, kannakánná sì ń ṣa èérún. Gbogbo agboolé wọn ní Niger Street, ní Kano níbẹ̀, ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á fi ẹnu kan náà pè é ní àjẹ́.

Nígbà tí Matilda tún bímọ, wọ́n sọ ọ́ ní Olúwaṣẹ́gunfúnmi, kí àjẹ́ lè gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí ìrọ̀rí má sí nítòsí rẹ̀. Màmá Ruth yọ ṣùtì.

"Kó kọjú sókè, kí ẹyẹ lè rí ojú ẹ̀ dáadáa? Nọ́ọ̀sì mọ àjẹ́ ni?"

Ló bá dojú ọmọ dé orí ìrọ̀rí rírọ̀. Matilda wo ọkọ rẹ̀. Adédoyin ń ta fóònù ní France Road, ó lè fi ẹnu dídùn ta òkú fóònù, àmọ́ níwájú ìyá rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo.

"Mọ́mì ló mọ̀," ló wí. Ojo lásánlàsàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Matilda ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Màmá Ruth wà lẹ́nu géètì, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àjẹ́ fún aládùúgbò. Ramlat ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé yàrá tí ọmọ sùn sí, ó gbọ́ tí ọmọ ń mí bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ dí lẹ́nu.

"Wayyo Allah!" Ó figbe ta, ó já wọlé.

"Ẹ gbà mí, mo ti mú un!" Màmá Ruth sáré tẹ̀ lé e, ó bá ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́ Ramlat létí. Bí Matilda ṣe ń wọlé ni ọmọ bú sẹ́kún.

"Ẹ lù mí tán?" ni Ramlat wí. "Wallahi, imú ẹ̀ ti rì sínú ìrọ̀rí yẹn. Kò rí afẹ́fẹ́ mí."

Matilda gba ọmọ. Ètè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n padà. Ó wo ìrọ̀rí náà: ojú ibi tí imú àti ẹnu tẹ̀ ṣì jìn, itọ́ rin ín. Ìrọ̀rí Tolú ni.

"Màmá," ló wí, kò pariwo, "báwo lẹ ṣe tẹ́ Tolú sùn lọ́jọ́ yẹn?"

Màmá Ruth tẹjú mọ́ ìrọ̀rí náà. Kannakánná kan bà sórí páànù, ó ké. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.