Irin Ojú Fèrèsé Mẹ́fà

Irin ojú fèrèsé wà nílẹ̀ lórí koríko. Gbogbo wa kóra jọ yí i ká láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, a ń ti ara wa, olúkúlùkù fẹ́ yọjú wo inú yàrá kọ̀ǹpútà. Kí la fẹ́ wò níbẹ̀? Kọ̀ǹpútà ogún tí wọ́n gbé wá fún wa kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, olè ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Tábìlì nìkan ló kù, àti wáyà tí wọ́n gé.

"Ó parí! Kí la fẹ́ fi ṣe ìdánwò báyìí?" Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó ló pariwo bẹ́ẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà la ó ti ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún yìí, oṣù méjì péré ló sì kù.

Ibẹ̀ la wà tí ọlọ́pàá méjì fi mú Bàbá Tọ́ọ̀ṣì kọjá. Ọlọ́dẹ iléèwé wa ni Bàbá Tọ́ọ̀ṣì. A ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí pé tọ́ọ̀ṣì kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, ìbáà jẹ́ ọ̀sán gangan.

"Ẹ bi pírínsípà wò!" Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ń sọ ọ́ léraléra. "Ẹnu géètì ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́! Ẹ dákun, ẹ bi wọ́n!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà kàn ń tì wọ́n lẹ́yìn bí ẹni ń da ewúrẹ́.

Nígbà tá a tò sójú ìlà, pírínsípà wa, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í nílò makirofóònù, bá wa sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Irin tó nípọn tó báyìí! Ẹni tó bá fẹ́ fi ayùn gé e, á tó wákàtí mẹ́ta. Kí ọlọ́dẹ má gbọ́? Irọ́ ni! Òun àti àwọn olè yẹn ló jọ mọ̀ nípa ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" Gbogbo iléèwé dáhùn.

Èmi ò lè dáhùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ wo irin yẹn kí wọ́n tó lu aago. Kò sí ojú ayùn kankan lára rẹ̀. Ohun tí mo rí ni ojú iná kéékèèké, tí kò tó hóró ẹ̀wà, tó já lójú ibi tí wọ́n ti fi lẹ irin mọ́ férémù. Mo mọ ẹni tó fi ojú iná yẹn síbẹ̀. Èmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi. Wẹ́dà ni bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. A kì í jó irin tán lẹ́ẹ̀kan náà. A ó kọ́kọ́ fi iná kàn án níbi bíi méjì kó lè dúró, ká lè wò ó bóyá ó tọ́. Irin tó bá ṣì wà báyìí, a máa fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí i lára. Ìgbà tá a bá jó o yí ká tán la máa nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò. Ọ̀dà ò gbọdọ̀ kan ṣọ́ọ̀kì, láé. Bàbá mi lè forí ji ẹni tó jó irin wọ́, àmọ́ ẹni tó bá fi ọ̀dà bo ṣọ́ọ̀kì, kó máa bá tirẹ̀ lọ ni.

Ó yá, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìjọba ló fún wa ní kọ̀ǹpútà, káńsẹ́lọ̀ ló wá ń ya fọ́tò kiri pẹ̀lú ẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ yìí kan náà ló ṣèlérí iná ojú títì fún wa kí wọ́n tó dìbò fún un. Òpó dé lóòótọ́, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, gílóòbù ni ò dé títí dòní. Àwọn olè rọ́wọ́ mú. Lọ́dún yìí nìkan, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ti já ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti yọ bátìrì mọ́tò tí a ò lè ka iye ẹ̀ mọ́.

Iléèwé wa ńkọ́? Yàrá sáyẹ́ǹsì wa ò ní ju ìgò mẹ́ta lọ, ọ̀kan sì ti sán nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo géètì! Wọ́n kọ́ géètì tuntun gàgàrà, wọ́n lẹ àwòrán káńsẹ́lọ̀ mọ́ òkè ẹ̀, ó ń fi eyín rẹ́rìn-ín sí wa láràárọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan fi da ẹrẹ̀ sí i lójú. Ẹ ò rí bí pírínsípà ṣe bínú! Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti gbé Bàbá Tọ́ọ̀ṣì kúrò nídìí kíláàsì lọ sẹ́nu géètì, níbi tí wọn ò ti lè gbúròó yàrá kọ̀ǹpútà.

Bàbá mi ni wọ́n gbé iṣẹ́ irin fèrèsé yàrá kọ̀ǹpútà fún, fèrèsé mẹ́fà, àti pèpéle tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi sí tẹ́lẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ní Alága ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀, wọ́n sì mú un yá di ọjọ́rú. Iṣẹ́ wá di kíákíá. Bàbá mi dojú kọ pèpéle, wọ́n ní kí èmi lọ bójú tó fèrèsé. Mo fi iná kan irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fi ṣọ́ọ̀kì sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o yí ká ni pírínsípà dé.

"Ìwọ olórí akẹ́kọ̀ọ́ la yàn láti ka ọ̀rọ̀ ìkínni fún Alága. Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Fi ọ̀dà kun irin yẹn kíá, kó o lọ múra."

"Mà, mi ò tíì jó o tán."

"Ta ló fẹ́ wá fa irin wò lónìí? Ọ̀dà ni wọ́n máa rí. Ṣe kíá!"

Mo lè sọ pé rárá. Mo lè sáré lọ pe bàbá mi, wọn ò jìnnà. Ṣùgbọ́n èmi! Lórí pèpéle! Níwájú gbogbo iléèwé! Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo fi ọ̀dà bo ṣọ́ọ̀kì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ka ọ̀rọ̀ ìkínni, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi bi mí pé, "Mo kọjá nídìí fèrèsé yẹn, mi ò rí ṣọ́ọ̀kì. Ṣé o ti jó o tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ní, "O káre, ọmọ mi." Mo sọ nínú ara mi pé màá padà lọ jó o lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àbámẹ́ta dé, a ní lẹ́sìnnì. Àbámẹ́ta kejì, òjò rọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, mo gbàgbé.

Ọjọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, ara mi ò balẹ̀ rárá. Tíṣà ìṣirò bi mí ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Mo délé, mo jókòó, mo dìde, mo jáde, mo tún wọlé. Ìyá mi ní, "Kí ló dé? Ṣé eèrà wọ̀ ọ́ láṣọ ni?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe mọ́, a gbọ́ pé ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbé Bàbá Tọ́ọ̀ṣì lọ sí kóòtù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Bá a ṣe jáde níléèwé, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo gbà lọ.

"Sà, mo ní nǹkan í sọ."

"Sọ ọ́, mò ń gbọ́." Iná ń ta pàrà níwájú wọn.

"Irin fèrèsé iléèwé wa... mi ò jó o tán."

Wọ́n pa ẹ̀rọ. Wọ́n yọ gíláàsì dúdú lójú. "Kí lo wí?"

"Ṣọ́ọ̀kì wà lára ẹ̀. Mo fi ọ̀dà bò ó."

"Nígbà tí mo bi ọ́ ńkọ́?"

"Mo parọ́, sà."

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọn ò gbá mi. Wọ́n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n padà, wọ́n gbé òòlù, wọ́n gbé e sílẹ̀. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi.

"O mọ̀ pé káńsẹ́lọ̀ ti fi iṣẹ́ òrùlé ọjà lọ̀ mí? Gbogbo irin òrùlé ọjà pátá! Tí wọ́n bá gbọ́ pé irin mi já bí ìtàkùn, ta ló tún máa gbéṣẹ́ fún mi?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ rán Bàbá Tọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́wọ̀n." Mo bú sẹ́kún.

Bàbá mi na àkísà kan sí mi. "Nu ojú ẹ. Mú òòlù yẹn dání. Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Ní téṣàn, ọ̀gá ọlọ́pàá, obìnrin kan báyìí, kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín. "Wẹ́dà, ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ tún wá ń sọ pé iṣẹ́ yín ò dáa?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀, mà," ni bàbá mi fèsì. "Fèrèsé márùn-ún ló ṣì kù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn."

Nígbà tá a débẹ̀, káńsẹ́lọ̀ ló wà níwájú yàrá kọ̀ǹpútà, ó fajú ro, ayàwòrán kan ń yà á, pírínsípà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn na ọwọ́ sí fèrèsé kejì, wọ́n wò mí.

Mo gbé òòlù. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, irin mì. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì, gbìì! Ó wó lulẹ̀. Mo bọ́ sí ìkẹta, ìyẹn náà wó. Ọ̀gá ọlọ́pàá wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé.

"Ó tó!" Káńsẹ́lọ̀ jágbe. Ó yíjú sí ayàwòrán. "Dáwọ́ dúró ná! Ta ló ní kí ọmọdé máa jó irin ìjọba?"

"Èmi ni," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ mú ọjọ́ yá."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ọ̀dà, ṣọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ ìkínni, irọ́ tí mo pa. Ọ̀gá ọlọ́pàá wá bi pírínsípà pé, "Madam, níbo lẹ ní kí ọlọ́dẹ yín máa ṣọ́ lálẹ́?"

Ohùn tí kì í nílò makirofóònù wá di wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹnu géètì. Wọ́n ń... wọ́n ń da ẹrẹ̀ sí àwòrán Ọnárébù."

"Àwòrán!" Ọ̀gá ọlọ́pàá pàtẹ́wọ́. "Kọ̀ǹpútà ogún wà nínú ilé, àwòrán lẹ ń ṣọ́!"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi Bàbá Tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti dùn. Iṣẹ́ òrùlé ọjà bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n gbé e fún wẹ́dà míì. Ó tó oṣù kan tí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Wọ́n gba báàjì olórí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ mi. Wọn ò rí kọ̀ǹpútà yẹn, wọn ò sì rí olè. Mọ́tò la wọ̀ lọ ṣe ìdánwò ní iléèwé míì tó jìnnà, àwọn kan pẹ́ dé, wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọ̀rẹ́ mi wà lára wọn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mi ò sì lè bínú sí i.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́rú, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Tọ́ọ̀ṣì nílé wọn. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ra ọrùn ọwọ́ kejì.

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Mo gbọ́. Dìde." Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Èmi ti dàgbà, n ó gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ ọmọ-ọmọ mi wà ní pírámárì ìsàlẹ̀ yẹn, kíláàsì kẹta. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń pè é ní ọmọ olè. Ó sunkún dé lánàá, ó sunkún dé lónìí. Mi ò lè lọ bá ọmọdé jà. Ìwọ lọ sọ fún wọn."

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, mo lọ. Tíṣà wọn gbà mí láyè. Mo dúró níwájú àwọn ọmọ bí ogójì.

"Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ò jí nǹkan kan," mo sọ. "Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ kan dé ìdajì, tí mo ní mo ti ṣe é tán."

Ọmọkùnrin kan nàró. "Ṣé ẹ̀yin wá lẹ jẹ́ olè náà ni?"

"Rárá. Àmọ́ èmi ni mo jẹ́ kó rọrùn fún wọn." "Àwa náà máa ń bú àwọn olè, a máa ń bú káńsẹ́lọ̀, a máa ń bú pírínsípà wa. Ó tọ́ ká bú wọn. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe é tán. Tí ẹ ò bá tíì ṣe é tán, ẹ sọ ọ́, ẹni yòówù kó ní kí ẹ dákẹ́. Irọ́ kékeré tí mo pa ló gbé bàbá tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé."

Ọmọbìnrin kékeré kan ní ìjókòó iwájú ló gbójú sókè wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mo ti mọ̀ pé òun ni.

"Ẹ tún un sọ," ni ọmọ náà wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Mo tún un sọ, mo sì gbé ohùn sókè.