Verna Attakai àti Ilé Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Ọbẹ̀ àgùntàn ń hó lórí iná ní gbọ̀ngán ìpàdé àdúgbò wa, nílẹ̀ àwa Navajo tí a jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí Ìyá Bessie Manygoats wọlé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Inú ń bí i.

"Verna, wá bá mi ka ìwé yìí. Ṣé wọ́n ní mo ti kú ni?"

Verna Attakai ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà. Ó nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó ka lẹ́tà náà.

"Ìyá, ọ́fíìsì ètò ìdìbò ni. Wọ́n ní orúkọ yín ò lè wọ ìwé olùdìbò, torí ẹ ò kọ nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì."

"Títì wo? Ipa ẹsẹ̀ àgùntàn ni títì tèmi!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Leroy Cly, tó jẹ́ àbúrò Verna, ní: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mú ìbò wọn lọ, Ìyá. Kí ni ìbò ti ṣe fún àwa Navajo rí?"

Verna nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín yọ́, bọ́ọ̀sì rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́tàdínlógún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn délé. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan ń sunkún bàtà rẹ̀ tí ẹrẹ̀ gbé mì. Verna wa ọkọ̀ fún wákàtí márùn-ún lọ sí Phoenix, olú ìlú ìpínlẹ̀ Arizona, láti bẹ aṣòfin wa nítorí ọ̀nà náà. Ọkùnrin náà yẹ́ ẹ sí, ó fún un ní kọfí, ó wá yẹ ìwé kan wò.

"Màdáàmù, èèyàn mọ́kàndínlógún péré ló dìbò ní àdúgbò yín."

Lẹ́tà Ìyá Bessie ló jẹ́ kó mọ ìdí rẹ̀.

"Leroy," ó ní, "wọn ò kórìíra wa. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà."

Ó pe ọ́fíìsì náà lórí fóònù. Obìnrin tó gbé e dá a lóhùn pé, "Àyè kan wà lórí fọ́ọ̀mù tó bá lẹ́tà náà wá, mà. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ilé, kó ya àwòrán ibi tí ilé rẹ̀ wà."

"Ṣé àwòrán lásán ni wọ́n ń fi dààmú mi?" Ìyá Bessie gba bírò. Ahunṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ya àpáta pupa, ó ya táǹkì omi, ó ya ilé rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya àgùntàn.

"Ìyá!" ni Verna ké. "Ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ dìbò o, kì í ṣe agbo ẹran!"

Láti ọjọ́ náà, bí Verna bá ti já àwọn ọmọ sílẹ̀, á máa lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Nígbà tó ṣe, àwọn àgbà ní, "Ìwọ gan-an ni kó o lọ ṣojú wa nílé aṣòfin."

Ó dupò, ó fìdí rẹmi. Ìbò mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fi jù ú lọ. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbò náà, Leroy wá bá a, ó dorí kodò.

"Àǹtí, mo gbọ́ pé wọn ò ka ìbò ẹni tí kò fọwọ́ sí ẹ̀yìn àpò ìwé ìdìbò tó fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Èmi náà ò fọwọ́ sí i."

Ẹ̀rín pa Verna lójijì.

"Ó ku méjìlélógójì tí màá wá rí!"

Leroy di alátìlẹ́yìn tó ń kiri ju gbogbo wa lọ. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, Verna wọlé.

Lọ́jọ́ ìbúra, Ìyá Bessie wọ ẹ̀wù àrán, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run sọ́rùn. Verna dìde, ó fi èdè wa dárúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ kó tó sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ìyá Bessie pariwo látòkè níbi tí àwọn òǹwòran jókòó sí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi!" Kò sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà gba ọdún mẹ́rin. Aṣòfin kan bi í pé, "Torí ọmọ mẹ́tàdínlógún?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo náà tó," ni Verna fèsì.

Níkẹyìn, wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà náà. Ọdún mẹ́jọ ló lò nílé aṣòfin kó tó padà wálé. Ara rẹ̀ le, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí ilé yín ò bá ní nọ́ńbà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Bí ọ́fíìsì ètò ìdìbò bá kọ lẹ́tà sí yín, ẹ má jù ú nù. Ẹ tètè pè wọ́n kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Bí ẹ ò bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ bèèrè ògbufọ̀ níbùdó ìdìbò, ẹ̀tọ́ yín ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìbò yín ránṣẹ́, ẹ fọwọ́ sí ẹ̀yìn àpò ìwé náà. Ẹni tí kò bá sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ẹlòmíì ni yóò máa yan ọ̀nà tí yóò tọ̀.