Àga Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ jókòó sórí ẹní. Ẹní ni mo wí, Jàmíátù, kì í ṣe àga yẹn. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga yẹn nílé yìí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó lọ jókòó síbẹ̀ wò.

Ẹ mọ Fúnminíyì, ọmọ àbúrò bàbá àgbà yín, èyí tó ń gbé Èkó. Oṣù tó kọjá, kí ẹ̀yin tó dé fún ọlidé, òun àti Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ wá sílé. Fọlákẹ́ lóyún. Ọdún méje ni wọ́n fi wá oyún náà. Wọ́n fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Ítálì, lápá ìsàlẹ̀ ìlú náà, kí ikùn tó wúwo. Wọ́n ní àwọn wá dágbére.

Ìwé kan ló wà lọ́wọ́ wọn, ìwé tó ń júwe ìlú fún àlejò: ibi tí wọ́n á wò, bí wọ́n á ṣe kíni, ohun tí wọn ò gbọdọ̀ ṣe. Àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń kà á sí mi létí. Mo gbé iyán síwájú wọn, wọ́n ń ka ohun tí ará Ítálì ń jẹ. Fúnminíyì ní tí èèyàn bá fẹ́ wọ ilé ìjọsìn wọn, kó bo èjìká. Mo ní ìgbà wo la ṣí èjìká lọ mọ́sálásí rí? Ó ní wọn kì í dojú búrẹ́dì délẹ̀ lórí tábìlì, pé èèwọ̀ ni. Ó ń mirí bí ẹni tó rí ọgbọ́n. Èyí tí mo ti ń sọ fún un láti kékeré pé a kì í fi ọwọ̀ na ọkùnrin, ó ní ọ̀rọ̀ ará oko ni.

Ó fi àwòrán kan hàn mí. Ọ̀nà tóóró, ilé funfun lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ilẹ̀kùn títì. Àga kan wà níwájú ilẹ̀kùn kan. Koríko ni wọ́n fi hun ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì fi wáyà so ẹsẹ̀ kan. Kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Ó ní àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ máa ń jókòó síta wo ọ̀nà, àlejò á sì wọ bàálù lọ wò wọ́n. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń jókòó síta wo ọ̀nà nílùú Ìlá yìí. Kò sẹ́ni tó wọ ọ̀kadà wá wò mí.

Ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ ọjà, Fọlákẹ́ ní òun fẹ́ rìn yíká ìlú. Oòrùn ti wà ní àtàrí. Mo ní, "Ìyàwó mi, aboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan. Àwọn kan ló ni àkókò yẹn."

Fúnminíyì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀."

Fọlákẹ́ ní ó wà nínú ìwé àwọn náà. Ó ní lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ará ibẹ̀ a tilẹ̀kùn, torí àwọn àgbà wọn ní àwọn tí kò lára ló ń rìn nígbà náà. Ó ní àṣà tó dùn ni.

Ẹ gbọ́ o. Lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ ará oko. Nínú ìwé, àṣà tó dùn. Inú bí mi. Mo ní kó máa lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a máa ń so mọ́ etí aṣọ aboyún, kí ẹni àìrí má bàa wọ inú rẹ̀, mi ò fún un. Ọlọ́run forí jì mí.

Ó pẹ́ kó tó dé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé Ìlá náà ń sinmi lọ́sàn-án. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù títì. Kò sí ọ̀kadà, kò sí ewúrẹ́. Ó dákẹ́ débi pé ìró bàtà ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Mo wò ó. Èmi fúnra mi ti jáde lẹ́yìn rẹ̀ lọ ra ata. Ọjà kò gba ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"O ò rí ẹnikẹ́ni?"

"Ìyá àgbà kan, Màmá. Ó dìde fún mi lórí àga rẹ̀, ó ní kí n sinmi."

"O jókòó?"

"Mo jókòó. Ó bi mí pé oṣù mélòó ni."

"Kí lo wí?"

"Mo ní márùn-ún. Ó ní òun á wá kí wa."

Ta ní ń ka oṣù oyún fún ẹni tí kò mọ̀? Mo bi í pé irú àga wo ni. Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka lé àwòrán. Ọkọ rẹ̀ ní oòrùn ló mú un lórí.

Ó kù díẹ̀ kí ládàánì pe ìrun àsùbáà, mo gbọ́ ọ. Àga. Wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀ lójú ọ̀nà. Á wọ́, á dúró. Á tún wọ́. Ajá Kọ́láwọlé aládùúgbò wa, tó máa ń gbó òjìji ara rẹ̀, kò gbó. Mo wọ yàrá wọn. Wọ́n ti jí. Fúnminíyì ọlọ́gbọ́n ti bọ́ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó gbá ìwé mọ́ àyà.

Àga náà gun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi rẹ̀ dún, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó.

"Ẹ kú ilé o." Ohùn ìyá àgbà ni, pẹ̀lẹ́. "Oṣù mélòó lẹ wí?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu Fọlákẹ́. Ẹni tí a kò rí, a kì í dá a lóhùn. Èmi tí ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi, mo dákẹ́.

"Oṣù mélòó?"

A dákẹ́.

"Oṣù mélòó?"

"Márùn-ún."

Ohùn kékeré. Kì í ṣe èmi. Ẹnu Fọlákẹ́ wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo wo Fúnminíyì. Eyín rẹ̀ ń gbára wọn, kò lè sọ̀rọ̀. Fọlákẹ́ rọra wo ikùn ara rẹ̀.

Níta, ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan mọ́. Ládàánì pe ìrun.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n kó ẹrù jáde. Àga yẹn ló wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, wáyà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Fúnminíyì gba ara ògiri kọjá, kò wò ó. Mo so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ etí aṣọ Fọlákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Mo so ó.

Nínú ọkọ̀, ó ṣí ìwé náà hàn mí lójú fèrèsé. Ọ̀nà tóóró, ilé funfun, gbogbo ilẹ̀kùn títì. Kò sí àga.

"Màmá," ó ní, "ṣé ìyá àgbà yẹn ti lọ?"

Kò wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn.

Kí n tó lanu, ọkọ rẹ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀. Wọ́n lọ.